Góòlù ọdún mẹ́tàlá, àti rìsíìtì tí mi ò rí mọ́

₦404,800 ni mo pàdánù lórí ẹ̀gbà ọwọ́ méjì, ọjà ò sì wálẹ̀ o. Góòlù wọ́n gan-an lóṣù kẹjọ ọdún 2024 tí mo tà á. Òkúta dídán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ló jẹ mí lówó. Rìsíìtì ló sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko dá mi dúró.

Kánò ni mo ti rà wọ́n lọ́dún 2011, nígbà tí wọ́n gbé mi lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kárátì 18 (ìyẹn ni pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni góòlù gidi), gíráàmù 31, ₦8,500 lórí gíráàmù kan. Mo ní kó máa dúró de ọjọ́ tí mo bá fẹ̀yìntì. Àṣé ìgbà tó wọ́n jù ni mo wọjà! Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni áúnsì góòlù kan, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 31, lé ní $1,900 lọ́jà àgbáyé. Nígbà tí ọdún 2015 fi máa parí, ó ti já sí nǹkan bíi $1,050. Àbúrò mi ọkùnrin ò jẹ́ kí n sinmi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tà á kó tó di bàbà mọ́ yín lọ́wọ́." Mi ò tà á. Orí mi wú lórí ìyẹn títí dòní, torí àwọn tí a jọ rà á nígbà yẹn ti fi àdánù gbé tiwọn sílẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, tí òrùlé ilé mi ní Kubwa, ní Àbújá, ń jò, áúnsì ti tó $2,500. Kì í ṣe góòlù nìkan ló gòkè ṣá o. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦155 lọ́dún tí mo rà á ti kọjá ₦1,500. Náírà tó ṣubú gan-an ló sọ ₦8,500 di ₦88,000 lórí gíráàmù kan.

Mo gbé e lọ sí Wuse. Ọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó wo òǹtẹ̀ 750 tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń fi kárátì 18 hàn, ó ní, "Màmá, rìsíìtì dà?" Mo ní kò sí. Ó rọra tì í padà síwájú mi. Bó ṣe wò mí bí olè yẹn ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Ṣọ́ọ̀bù kejì ní kí n lọ búra ní kóòtù. Mo lọ búra, mo sanwó, mo gbé ìwé dé, ọ̀gá wọn ní òun ò gba ìyẹn! Mo tú gbogbo páálí tí a fi kó ẹrù kúrò ní Nyanya, mi ò rí nǹkan kan.

Ni mo bá wọkọ̀ lọ sí Kánò. Bàbá tó tà á fún mi ti kú. Ọmọ rẹ̀ ló gbé ìwé ńlá kan tí eruku ti bò jáde, ó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, títí a fi kan orúkọ mi, ọjọ́ tí mo rà á àti iye gíráàmù. Omi bọ́ lójú mi. Ó kọ ẹ̀dà rẹ̀ fún mi, kò gba kọ́bọ̀.

Mo padà sí Wuse tayọ̀tayọ̀. Wọ́n yọ òkúta, wọ́n tún un wọ̀n: 26.4. Gíráàmù 4.6 tí mo sanwó góòlù lé lórí láti 2011, òkúta lásán ni. Wọn ò ka owó iṣẹ́ ọnà sí rárá. ₦2,323,200 ni wọ́n san. Mo kan òrùlé.

Bó bá jẹ́ òní ni mo fẹ́ rà á, kárátì 22 tàbí 24 ni, èyí tí kò lókùúta kankan lára. Màá sì ní kí wọ́n kọ ìwọ̀n góòlù gan-an sí rìsíìtì, kí n yà á ní fọ́tò kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ṣéènì kárátì 22 kan ṣì kù lọ́wọ́ mi. Rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Ìlọrin. Àbúrò mi tún ti pè pé kí n tà á nísinsìnyí tó wọ́n. Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀.