Bẹ́ẹ Ṣe Lè Fi Vibratory Tumbler Mú Òkúta Èkìtì Dán Nílé

Òkúta ò wọ́n wa l'Ékìtì rárá, ṣùgbọ́n ká fọ́ ọ sínú kóńkéré nìkan la mọ̀, ó sì ń dùn mí gan-an torí àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tẹ́ẹ bá mú wọn dán, ọwọ́ yín ò ní fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tá a fi ń ṣe é nílé ni tumbler, oríṣi méjì ló sì wà. Rotary ni èyí tó ní àgbá tó ń yí, òkúta á máa ṣubú lu ara wọn títí gbogbo igun wọn á fi jẹ, ó lè gbà tó oṣù kan. Vibratory ní tiẹ̀ kì í yí, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n, òkúta á rọra máa ha ara wọn nínú abọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí kó lé díẹ̀ ẹ ti parí, bí òkúta ṣe rí tẹ́lẹ̀ náà ló sì máa ṣe wà. Òun ni mo fara mọ́ ní tèmi, pàápàá fún òkúta agbègbè Ìjerò, torí kristali tí Ọlọ́run ti gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí lèèyàn fẹ́ sọ ọ́ di roboto sí?

Àmọ́ torí pé kì í jẹ òkúta púpọ̀, kò lè bá yín dí kòtò tàbí ibi tó sán, òkúta tó ti fẹ́ẹ̀ jọ̀lọ̀ ni kẹ́ẹ wá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, quartz ni kó mú, òkúta funfun yẹn tẹ́ẹ máa ń rí létí odò tí omi ti fọ̀ fọ̀ fọ̀. Òkúta apá Ẹfọ̀n-Alààyè náà dáa, quartzite, ìyẹn yanrìn quartz tó ti di òkúta líle, ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ra á, tó bá ń ré bíi yanrìn ẹ jù ú sílẹ̀. Granite tí wọ́n ń fọ́ káàkiri Adó àti Ìkéré, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ o, mica, ìyẹn ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán yinrin nínú ẹ̀, rọ̀ gan-an, á ti yọ kúrò kí ìyókù tó dán, ojú òkúta á wá kún fún ihò wínníwínní. Tourmaline àti beryl, òkúta iyebíye ni wọ́n, wà ní Ìjerò, ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á tàbí tó ń tà á, ẹ má lọ máa gbẹ́ ilẹ̀ kiri, òfin ohun àlùmọ́nì ti ọdún 2007 ti sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Òkè tí àwọn èèyàn ń bọ bíi Olósùnta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òkúta ibẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

Èyí tó le bákan náà lẹ máa kó pọ̀. Ẹ fi orí ọ̀bẹ ha á, tí ọ̀bẹ bá ha á lójú, kò gbọ́dọ̀ bá quartz wọ abọ́ kan náà, quartz á jẹ ẹ́ run. Èyí tó bá sán, ẹ yọ ọ́, grit, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú líle tó ń ha òkúta, máa ń sá pamọ́ sínú ibi tó sán.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ wò ó bóyá 220 sí 240 volt àti 50Hz ni. Púpọ̀ nínú èyí tó ń ti Amẹ́ríkà wá 120 volt àti 60Hz ni, tẹ́ẹ bá kì í bọ iná tiwa tààrà ó ti jó nìyẹn. Step-down transformer á bá yín sọ volt kalẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè yí Hz padà, mọ́tọ̀ á wá máa lọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n fi kóńkéré ṣe ni kẹ́ẹ gbé e lé, kì í ṣe tábìlì.

Grit tẹ́ẹ máa lò (bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe ga tó ló ṣe ń kúnná tó): silicon carbide 220, lẹ́yìn ẹ̀ 500, lẹ́yìn ẹ̀ aluminium oxide 1000, kẹ́ẹ wá fi polish parí ẹ̀, aluminium oxide tó kúnná gan-an tàbí cerium oxide. Ìkọ̀ọ̀kan lè gba ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ da òkúta sínú abọ́ kó kún dé bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tàbí kó lé díẹ̀, ńlá àti kékeré papọ̀, tí kékeré ò bá tó ẹ fi ceramic media, ìyẹn horo amọ̀ sísun kéékèèké, kún un, tourmaline ò sì gbọ́dọ̀ wọbẹ̀ láìsí ceramic torí ó máa ń tètè kán. Abọ́ tó ń gba òkúta bíi kílò méjì, ṣíbí ìjẹun kan grit 220 ti tó o, èyí tó bá tẹ̀ lé e kẹ́ẹ máa dín in kù, ṣùgbọ́n ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá lẹ máa tẹ̀ lé jù.

Wàyí o, omi. Ibí gan-an ni gbogbo iṣẹ́ wà, tẹ́ẹ bá mọ ibí yìí ṣe ẹ ti mọ gbogbo ẹ̀ ṣe. Rotary ń fẹ́ kí omi fẹ́ẹ̀ bo òkúta, vibratory ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ da omi lé òkúta, ẹ da gbogbo ẹ̀ nù padà, èyí tó kù lára wọn yẹn ti tó, kẹ́ẹ wá bu grit lé e. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ẹ ṣí i wò: omi àti grit gbọ́dọ̀ ti pò pọ̀ bí ògì tó fẹ́ẹ̀ ki, kó lẹ̀ mọ́ òkúta kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tí omi bá pọ̀ jù grit á rọ̀ sísàlẹ̀, òkúta kàn máa ń wẹ̀ lásán ni. Tó bá gbẹ jù wọ́n á lẹ̀ pọ̀, wọn ò ní rìn. Ẹ ní ike spray kan nítòsí, irú èyí tẹ́ẹ fi ń fín omi sáṣọ kẹ́ẹ tó lọ̀ ọ́, ẹ fín in lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kẹ́ẹ sì dúró wò ó. Ẹ mú òkúta kan tí àwọ̀ ẹ̀ dá yàtọ̀, kẹ́ẹ máa fojú bá a lọ, tí gbogbo ẹ̀ bá dáa á rì wọ àárín àwọn tó kù, á tún yọ níbòmíì, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́ báyìí, kò ní yára kò sì ní dúró. Ní àsìkò ọyẹ́ omi máa ń tètè fà, ẹ máa yọjú sí i dáadáa.

Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Tó bá jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ẹ tó tún tan ẹ̀rọ ẹ fín omi sí i, ẹ fọwọ́ rú u kó tú. Tẹ́ẹ bá rí i pé ó dòní dọ̀la, ẹ kó òkúta jáde kẹ́ẹ fọ̀ ọ́ kíá, omi àti grit tó pò pọ̀ yẹn máa ń gan mọ́ abọ́ bíi sìmẹ́ńtì. Ìdí ẹ̀ náà nìyẹn tẹ́ẹ ò fi gbọ́dọ̀ dà á sínú sink tàbí ihò omi ilé ìwẹ̀. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni kẹ́ẹ dà á sí, tó bá tòrò ẹ da omi ojú ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó jìnnà sí kànga, kẹ́ẹ wá ri ẹrẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹrẹ̀ náà gbẹ kó máa fẹ́, eruku òkúta burú fún ẹ̀dọ̀fóró, tẹ́ẹ bá sì ń fọ́ òkúta kéékèèké ẹ fi omi rin ín, ẹ lo nose mask.

Láàárín grit kan sí èkejì, ìmọ́tótó ni o. Ẹ fọ òkúta, ẹ fọ abọ́, ẹ fọ ọmọrí ẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Ẹ tún wá da òkúta padà, ẹ fá ọṣẹ funfun díẹ̀ sí i, díẹ̀ o, kó má lọ hó jù, ẹ jẹ́ kó gbọ̀n fún bíi wákàtí kan, ẹ ṣàn án. Horo 220 kan ṣoṣo tó bá sá wọ ibi polish, ó tó láti ha gbogbo iṣẹ́ yín lójú. Tówó bá wà ẹ ra abọ́ kejì tó jẹ́ ti polish nìkan.

Ẹ má fi òkúta tútù dájọ́, gbogbo òkúta tó bá tutù ló ń dán. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù, tí ẹ bá rí gílóòbù yẹn lójú ẹ̀ ketekete, tí etí ẹ̀ ò fọ́, ó ti dé ibi tó yẹ kó dé. Tó bá ṣú bíi jígí tí wọ́n mí sí, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ gbọ̀n ọ́n fún wákàtí díẹ̀ sí i, bí kò bá tán ẹ dá a padà sí 1000, tí ẹ bá sì rí ojú ìlà tó ha á kedere, 500 lẹ máa ti tún un bẹ̀rẹ̀.