Bí Mo Ṣe Tún Utena Wò Nítorí Wakaba

Bí àwọn tó fẹ́ràn Revolutionary Girl Utena, eré àwòrán (anime) kan láti Japan, bá kóra jọ, ọ̀rọ̀ wọn kì í sábà kọjá ẹni mẹ́ta: Utena fúnra rẹ̀, Anthy àti Juri. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ apá 39 ni wọ́n fi sọ ìtàn yẹn ní Japan lọ́dún 1997, Kunihiko Ikuhara tó darí rẹ̀ kò sì kó àwọn ọmọbìnrin yòókù kún un lásán. Mo wá pinnu pé màá tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí n má sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ àfi tàwọn tí ojú máa ń fò: Wakaba, Keiko, Kozue, Kanae.

Mo ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún wọn nínú ìwé, mo sì kọ ìbéèrè mẹ́ta sókè rẹ̀. Ta ni ọmọ yìí ń wò? Ta ni ẹni tó ń wò yẹn ń wò ní tiẹ̀? Ta ni inú wá ń bí i sí? Bí apá kan bá parí, màá dá a dúró, màá dáhùn, kí n tó lọ sí òmíràn. Ó máa ń falẹ̀, torí eré yìí fẹ́ràn àwòrán ju àlàyé lọ.

Láti apá kìíní pàá ni Wakaba ti gba ojú ewé tirẹ̀ kún. Lẹ́tà ìfẹ́ tó kọ sí Saionji, ọmọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde kí gbogbo iléèwé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Utena ní òun ò ní gbà, ó pe Saionji níjà, ó borí, ló bá di ẹni tí Anthy wà lọ́wọ́ rẹ̀, Anthy tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó Òdòdó Róòsì, tó máa ń di ti ẹni tó bá borí nínú ìjà idà. Ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn ti ṣẹ̀. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà wá di ọ̀rẹ́ tó kàn máa ń fò mọ́ Utena lẹ́yìn, tó sì ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Apá 13 sí 24 ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mikage ló ń gba àwọn tí inú ń bí sí iyàrá kan tó dà bíi lífíìtì. Ọmọ á jókòó sórí àga, á máa rojọ́, lífíìtì á máa sọ̀ kalẹ̀. Mo máa ń dá eré dúró níbẹ̀ léraléra nítorí labálábá kan tó wà nínú férémù lára ògiri. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń jinlẹ̀ sí i ni labálábá náà ń padà sẹ́yìn, á di kòkòrò tí kò tíì híyẹ̀ẹ́, á tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mikage á ní kó túbọ̀ jinlẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bá máa jáde, òrùka dúdú ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì sábà lọ fa idà yọ láyà ẹni tó fẹ́ràn, á wá bá Utena jà kó lè pa Anthy.

Apá 20 ni ti Wakaba. Wọ́n ti lé Saionji kúrò níléèwé, inú yàrá Wakaba ló sá pa mọ́ sí. Ẹ wo ojú ọmọ yẹn! Ó ń sáré wálé, ó ní àṣírí tirẹ̀ níkẹyìn, àwọn èèyàn sì ń rí i pé ó ti rẹwà sí i. Saionji mú ọ̀bẹ, ó gbẹ́ pín-ìnnì irun onígi kan bí ewé fún un. Kò pẹ́, Wakaba rí pín-ìnnì náà lórí Anthy. Ẹjọ́ tó lọ rò nínú lífíìtì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn kan ni ayé ṣe fún, òun sì kàn ń wò wọ́n.

Kozue ò gba àkókò mi púpọ̀, Miki ìbejì rẹ̀ ló ń wò, a sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Keiko, tó máa ń tẹ̀ lé Nanami kiri, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà fún mi. Òjò ń rọ̀, ó fi agboòrùn bo Touga, ẹ̀gbọ́n Nanami, Nanami sì rí wọn. Nanami lé e dànù, àwọn ọ̀rẹ́ Keiko méjèèjì náà sì yẹra fún un. Nanami ló ṣẹ̀ ẹ́ o, síbẹ̀ Anthy ni idà rẹ̀ dojú kọ. Mo ṣí ojú ewé àwọn tó kù, ìdáhùn kan náà ni mo bá. Saionji ló já Wakaba kulẹ̀, Anthy ni wọ́n fẹ́ pa. Mikage ní ìdí tirẹ̀ fún ikú Anthy, àmọ́ kì í ṣe òun ló fi ìbínú sínú àwọn ọmọ yìí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí gbogbo wọn ṣe nìyẹn.

Kanae ló kọ́kọ́ ṣe é, ní apá 14. Orúkọ ìdílé rẹ̀, Ohtori, ni iléèwé náà ń jẹ́, àdéhùn ìgbéyàwó pẹ̀lú rẹ̀ ló sì gbé Akio sórí àga alága. Akio yìí, ẹ̀gbọ́n Anthy, ló ni ẹ̀bi jù nínú gbogbo eré náà. Kanae ò bínú sí i. Anthy ló ń bà á lẹ́rù.

Bí wọ́n bá sì ti pàdánù ìjà, wọn ò ní rántí nǹkan kan mọ́. Wakaba á tún máa fò mọ́ Utena bíi pé kò gbé idà sí i rí. Ní apá 39, lẹ́yìn tí Utena ti lọ, ọmọbìnrin mìíràn ló wá ń fò mọ́ Wakaba. Àwọn kan ní ìyẹn fi hàn pé òun náà ti di ẹni iyì. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Àga kan ṣófo ni, ẹnì kan sì bọ́ sí i. Kanae ni mo ṣì ń kọ ọ̀rọ̀ lé lórí báyìí, torí bí eré ṣe pa á tì títí dé òpin kò tíì yé mi tó.