Bí A Ṣe Ń Wádìí Ohun Tí Oníbàárà Fẹ́ Kí A Tó Kọ Ètò Kọ̀ǹpútà

Kì í ṣe àìmọ̀ ni kì í jẹ́ kí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí oníbàárà fẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti 1984 ni IEEE 830, ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ IEEE gbé jáde lórí bí a ṣe ń kọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ti wà; ISO/IEC/IEEE 29148, ìlànà àgbáyé tó rọ́pò rẹ̀, jáde ní 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2018. Ohun tó fà á ni pé a ti máa ń dúnàádúrà owó tán kí a tó mọ bí iṣẹ́ ṣe tó, kò sì sí ẹni tó ń sanwó ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Iléṣà ṣe àpẹẹrẹ, tó fẹ́ kó owó ìfipamọ́ àti ẹ̀yáwó ọmọ ẹgbẹ́ kúrò nínú lẹ́jà sínú kọ̀ǹpútà. Alága yóò ní, "Ẹ ṣáà ṣe é bíi ti báǹkì." Bí ẹ bá dá owó lé gbólóhùn yẹn, gbogbo ìbéèrè tí ẹ bá tún bi wọ́n lè fi kún iṣẹ́ láìfi kọ́bọ̀ kún owó; ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń panu mọ́.

Nítorí náà, ẹ pín iṣẹ́ sí méjì, kí ẹ sì gba owó ìwádìí lọ́tọ̀, kí àkọsílẹ̀ tó bá jáde níbẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́, wọn ìbáà gbé iṣẹ́ tó kù fún ẹlòmíràn. Bó ti wù kí owó náà kéré tó, ẹ gbà á, torí ohun tí a ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni a kọ́kọ́ ń pa tì bí ọjọ́ bá ti ń lọ.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ mọ sọ́dọ̀ alága. Ẹni tó ń buwọ́ lùwé kọ́ ló ń kọ lẹ́jà. Ẹ jókòó ti akọ̀wé owó, kí ẹ ṣí lẹ́jà ọdún tó kọjá, kí ẹ sì béèrè ìdí gbogbo ibi tí wọ́n ti fi bírò pupa fagi lé nǹkan. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí òfin tí kò sí nínú ìwé òfin: ọmọ ẹgbẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yáwó ìlọ́po méjì owó ìfipamọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí onídùúró rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ gbèsè, ẹni tó kú láìtíì san tán, ẹni tó san owó oṣù méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nílùú òṣómàáló, níbi tí títa àwìn ti di iṣẹ́ àjogúnbá, ẹ má retí pé òfin gbèsè yóò mọ ní ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ní, "Ṣé ẹ ò mọ iṣẹ́ yín ni?", ẹ fi ojú ewé méjì tó takora hàn wọ́n, kí ẹ ní, "Ẹ má bínú, bàbá, èwo nínú méjèèjì ni kí kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé?"

Gbólóhùn tí a lè dán wò ni kí ẹ kọ. "Kó rọrùn láti lò" kò ṣeé dán wò. "Bí ẹ̀yáwó bá ju ìlọ́po méjì owó ìfipamọ́ lọ, kí ètò kọ̀ ọ́, kó sì sọ iye tí ẹni náà lè yá" ṣeé dán wò. Ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta tó fún irú iṣẹ́ yìí, èdè tí akọ̀wé ń kà ni kí ẹ sì fi kọ ọ́. Gígùn àwọn ìlànà tí a dárúkọ níbẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tó ń lé èèyàn sá. Ẹ kà á sókè nípàdé kí wọ́n tó buwọ́ lù ú.

Bí alága bá tẹ̀ yín láago lẹ́yìn náà pé kí ẹ fi èlé ọdọọdún kún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú iye owó àti ọjọ́ tí yóò fi kún iṣẹ́, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.