Kíkun irun ẹranko sára ère kékeré: ìdì irun ni kí ẹ kùn

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni pé a fẹ́ kun irun ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: lára ère ìwọ̀n 1/35, ìyẹn èyí tí ẹranko gidi fi ìlọ́po 35 tóbi jù lọ, ilà tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 0.1 lọ dúró fún mìlímítà 3.5 lára ẹranko gidi. Irun ìkookò wo ló nípọn tó bẹ́ẹ̀? Bí irú ilà bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, tó sì hàn ketekete, ẹ̀gún òòrẹ̀ ni yóò jọ. Ìdì irun ni kí ẹ kùn, kí ẹ sì máa tọ ibi tí irun kọjú sí.

Ẹ wá fọ́tò ẹranko náà kí ẹ tó ṣí ọ̀dà. Lára ọ̀pọ̀ ẹranko onírun, irun máa ń ti imú lọ sẹ́yìn, gba orí àti ẹ̀yìn dé ìrù, ó sì máa ń wálẹ̀ lára ẹsẹ̀. Ẹ fi ọfà kéékèèké yà á sórí ìwé. Ẹ̀yìn sábà máa ń ṣú ju ikùn lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni ojú kọ́kọ́ ń rí láti òkèèrè.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ère náà kí ọ̀rá ara rẹ̀ lè kúrò, kí ó sì gbẹ dáadáa. Ẹ fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn jù, ọ̀dà á dí àwọn ojú irun tí wọ́n gbẹ́. Bí ẹ bá jìnnà jù, ọ̀dà á ti gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, ara ère á sì rí ṣákaṣàka.

Fún ìkookò, ẹ po ọ̀dà akírílíìkì aláwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú mọ́ àwọ̀ eérú díẹ̀, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà olómi ló kàn: ìwọ̀n 1 ọ̀dà tó dúdú jù ú lọ sí ìwọ̀n 4 tàbí 5 mídíọ̀mù akírílíìkì, ìyẹn omi ìpo-ọ̀dà tí kò ní àwọ̀. Omi lásán kò dára tó o, torí bó bá pọ̀ jù, ọ̀dà kì í di ara rẹ̀ mú mọ́, á sì gbẹ ní òrùka-òrùka. Níbi tó bá ti rọ́gún, ẹ tètè fi búrọ́ọ̀ṣì tó mọ́ fà á kúrò. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Bó bá ṣì tutù lọ́wọ́, kò tíì gbẹ.

Bí wọ́n bá ti gbẹ́ irun sára ère, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ mú ọ̀dà tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ nù ún sí tíṣù títí kò fi ní fa ilà mọ́, kí ẹ wá máa gbá a lórí irun ní ìbú. Orí irun nìkan ni á mú un. Bó bá funfun bí ẹfun, ọ̀dà ti pọ̀ jù. Ẹ fi ọ̀dà àkọ́kọ́ tí ẹ ti là gan-an bò ó fẹ́ẹ́rẹ́.

Ibi tó bá tẹ́jú, tí wọn kò gbẹ́ irun sí, ni iṣẹ́ gidi wà. Búrọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 1 tí ẹnu rẹ̀ mú dára ju èyí tó kéré jọjọ lọ, torí èyí tó kéré kì í gba ọ̀dà tó, á sì ti gbẹ kó tó kan ère. Ẹ la ọ̀dà títí yóò fi ṣàn bíi wàrà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ níbi gbòǹgbò irun, ẹ gbé e sókè ní ṣóńṣó, mìlímítà 1 sí 2 péré. Láti ìdí ìrù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ wá síwájú, kí ìlà tuntun lè máa gun gbòǹgbò èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí a ń fi koríko bo ilé. Àwọ̀ mẹ́ta tó. Ìkejì kò gbọdọ̀ bo ju ìdajì lọ. Ìkẹta wà fún èjìká, iwájú orí àti ìtàn nìkan.

Irun funfun kì í bẹ̀rẹ̀ láti funfun. Àwọ̀ eérú tó ní ilẹ̀ díẹ̀ nínú ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, kí funfun gan-an mọ sí ṣóńṣó díẹ̀. Ti dúdú, ẹ fi àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ẹṣin yàtọ̀ pátápátá: irun rẹ̀ kúrú débi pé ilà kankan kò yẹ lára rẹ̀, àfi gọ̀gọ̀ àti ìrù.

Ẹ fín fáníìṣì tí kì í dán sí i, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí ọ̀rinrin pọ̀, ó lè funfun bí ìkùukùu. Lẹ́yìn tó bá gbẹ ni kí ẹ tó fi èyí tó ń dán kan imú àti ojú.