Kẹ́ẹ̀gì kọ́ ló ń di ọkọ̀ mú

Ọkọ̀ ojú omi mi kò tóbi. Pákó ni, èèyàn mẹ́rin ló ń gbà, ẹ́ńjìnnì kékeré kan ló wà nídìí rẹ̀. Etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, Bàríga, ni mo ń so ó sí, níbi tí ẹ ti máa rí mọ́tò tó ń sáré lórí afárá Third Mainland.

Nínú omi níbẹ̀, irin ẹ́ńjìnnì mọ́tò kan tó ti kú la rì sísàlẹ̀. Ẹ̀wọ̀n wà lára irin náà, okùn wà lára ẹ̀wọ̀n, kẹ́ẹ̀gì òróró kan ló sì ń gbé ẹnu okùn léfòó.

Ní oṣù karùn-ún, mo so ọkọ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì, mo wá ọ̀nà ilé lọ. Àfi bíi pé torí okùn ni wọ́n ṣe ṣe ọwọ́ náà. Lóru, ìjì dé. Ìlà oòrùn ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti máa ń wá, ìyẹn ni pé àárín ọ̀sà ló ti ń já lu àwa tí a wà létí omi ní Bàríga. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kẹ́ẹ̀gì ṣì wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti bá okùn mi lọ. Ọkọ̀ ti lọ forí sọ òpó ilé onígi kan, pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì là. Ìyá tó nilé kò bínú, ó ní kí n ṣáà wá tún òpó òun ṣe.

Bàbá apẹja kan tó ń di àwọ̀n gbójú sókè wò mí. "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ẹ pé kẹ́ẹ̀gì ń mú ọkọ̀? Ibi tí okùn wà ló ń júwe."

"Ẹ dákun, Bàbá, ẹ fi hàn mí."

Okùn mi ni wọ́n kọ́kọ́ jù nù. Aláwọ̀ búlúù ni, irú èyí tó ń léfòó, tí ẹ́ńjìnnì máa ń lọ́ mọ́ra. Mo ra okùn náílọ́ọ̀nù tó nípọn tó àtàǹpàkò mi. Ìyẹn máa ń rì, ó sì máa ń nà díẹ̀ tí ìgbì bá fà á.

Ibi tí mo fẹ́ so ọkọ̀ sí, omi kò ga ju èjìká mi lọ. Bàbá ní kí okùn àti ẹ̀wọ̀n lápapọ̀ gùn tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. Tó bá kúrú, ìgbì á máa fa irin sókè. Tó bá gùn jù, ọkọ̀ á máa yí lọ gbá ti aládùúgbò.

Mo kọjú imú ọkọ̀ sí atẹ́gùn, mo pa ẹ́ńjìnnì kí n tó dé ìdí kẹ́ẹ̀gì, mo fi àjẹ̀ wa èyí tó kù. Mo fa kẹ́ẹ̀gì wọlé títí mo fi rí okùn tó nípọn lábẹ́ rẹ̀, tó ní ojú lẹ́nu. Ojú yẹn ni mo ki okùn mi bọ̀. Bí mo ṣe ta kókó okùn náà nìyí: mo yí okùn sí òrùka kékeré kan, mo fi ẹnu rẹ̀ gba abẹ́ yọ sókè nínú òrùka, mo gbé e gba ẹ̀yìn okùn gígùn, mo dá a padà sínú òrùka kan náà, mo wá fà á. Kì í yọ̀ bí ọkọ̀ bá ń fà á, síbẹ̀ ẹ ò ní wá ọ̀bẹ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ta á. Bàbá tú mẹ́rin àkọ́kọ́ láìsọ nǹkan kan.

Níbi tí okùn ti ń fi ara ha imú ọkọ̀, mo fi rọ́bà inú táyà ọ̀kadà wé e. Mo tún so okùn kejì, mo jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ ju èkíní lọ, kó lè di ọkọ̀ mú bí èkíní bá já. Mo gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè, mo gbé táǹkì epo dání, mo pe ọmọkùnrin kan tó ń tukọ̀ kọjá pé kó gbé mi dé èbúté.

Ẹ tún máa ṣọ́ ewéko tó ń léfòó, èyí tó gba ọ̀nà Bàdágìrì wọlé ní 1984. Tí òjò bá ti lé iyọ̀ kúrò nínú ọ̀sà, á bo ojú omi, á rọ̀ mọ́ okùn, ìwúwo rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Mo máa ń fi ọ̀pá tì í dànù.

Ìjì mìíràn jà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo débẹ̀ láàárọ̀, omi òjò ti kún inú ọkọ̀ dé kókósẹ̀, ọkọ̀ sì wà lójú kan. Mo gbọ́n omi náà tán. Òpó ìyá yẹn nìkan ni mi ò tíì tún ṣe.