Bí a ṣe ń ka àmì inú àwòrán òdòdó àwọn ará Nẹ́dálándì

Òdòdó kọ̀ọ̀kan ni kí o kọ́kọ́ dá mọ̀. Túlíìpù ń tanná nígbà ìrúwé, ọ̀pọ̀ róòsì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí méjèèjì bá jọ wà nínú ìkòkò kan, ayàwòrán ló kó wọn jọ. Wọn kì í sábà tanná pọ̀. Jan van Huysum, ayàwòrán òdòdó ará Nẹ́dálándì, kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1742 pé róòsì aláwọ̀ yẹ́lò tí òun ò rí ni kò jẹ́ kí òun parí àwòrán kan.

Lẹ́yìn náà, wo ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Nínú iṣẹ́ ayàwòrán Ambrosius Bosschaert tó wà ní Mauritshuis, ilé ìkó-àwòrán-sí kan nílùú Den Haag, kòkòrò ti jẹ ewé, eṣinṣin sì bà sẹ́bàá ìkòkò: ẹwà kì í pẹ́ ṣá. Ìkarahun òkun tó wà níbẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, olówó ló ń rà á. Labalábá sábà ń dúró fún ọkàn àti àjíǹde.

Má fi ipá wá ìtumọ̀ fún gbogbo nǹkan o. Ewé tó dà bíi búlúù kì í ṣe àmì. Ọ̀dà yẹ́lò tí wọ́n fi sọ ọ́ di àwọ̀ ewé ló ti ṣá.