Bí A Ṣe Ń Darí Iṣẹ́ Ọkọ̀ Ojú Omi àti Iṣẹ́ Amòòkùn ní Ibùdó Ìwádìí Tó Wà ní Erékùṣù

Ẹni tó bá kọ́ nípa ẹja àti omi n'Íbàdàn, tó sì ń wo iwájú sí iṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí láàárín òkun, abẹ́ omi ló sábà máa ń wà lọ́kàn rẹ̀: gọ́gù lójú, sílíńdà lẹ́yìn, ẹja aláràbarà níwájú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ibùdó gbára lé kò sí nínú omi rárá. Èbúté ló wà, tòun ti aago, ìwé àti rédíò. Òun ló ń sọ pé kí ọkọ̀ gbéra, òun náà ló sì ń sọ pé kò ní gbéra lónìí. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé lẹ́sẹẹsẹ, torí pé èèyàn lè ti ìlú wa níbí kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Jíjìnnà ló mú kí iṣẹ́ náà le. Ibùdó ìwádìí Lizard Island ní Ọsirélíà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, jìnnà sí ìlú Cairns tó nǹkan bí 270 kìlómítà. Aldabra ní Seychelles, tí ibùdó ìwádìí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1971, jìnnà ju 1,000 kìlómítà lọ sí Mahé tí olú-ìlú wọn wà. Tí púlọ́ọ̀gì bá jó níbẹ̀, kò sí Àgódì Gate tí ẹ ó sáré lọ ra òmíràn. Tí ara ẹnìkan bá yí padà lójijì, kò sí UCH tí ẹ ó gbé e lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ omi náà

Omi Aṣejire, tí dáàmù ọdún 1972 dá dúró lórí Odò Ọ̀ṣun, dára láti fi kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀. Ẹlẹ́yẹlé lórí Odò Ọ̀nà ti wà láti 1942, àmọ́ ewé orí omi máa ń bò ó, á sì máa lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Omi tí ará Ìbàdàn ń mu ni méjèèjì. Nítorí náà, ẹ gba àyè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí epo kankan dà sí i. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti da epo sínú táńkì.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn apẹja. Ẹ kí bàbá tó dàgbà jù láàárín wọn bó ṣe yẹ, kí ẹ bi wọ́n pé: níbo ni kùkùté igi wà lábẹ́ omi, ibo ni wọ́n dẹ àwọ̀n sí, apá ibo ni ìjì sì ti máa ń jà wá? Ẹ kọ èsì wọn sílẹ̀, kí ẹ yà á sórí àwòrán omi náà. Ohun kan náà ni ẹ ó ṣe ní erékùṣù: ẹ ó bi àwọn ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ nípa àkókò tí omi òkun ń kún àti àkókò tó ń fà, àti àpáta tó ń yọrí nígbà tó bá fà.

Ẹ má ṣe fi Aṣejire kọ́ mímòòkùn o. Lẹ́yìn òjò ńlá omi náà á pọ́n, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín nínú rẹ̀. Àwọ̀n wà, kùkùté wà. Ẹnu ibi tí dáàmù ti ń fa omi wọlé burú ju ìwọ̀nyí lọ. Agbára omi tó ń wọ ihò níbẹ̀ lè lẹ èèyàn mọ́ ara irin tí kò sì ní lè já ara rẹ̀ gbà. Inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: pátákó èbúté

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa. Ẹ kan pátákó kan mọ́ ara ògiri èbúté. Ẹ gbá ìṣó sí i, kí olúkúlùkù ní pákó kékeré tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń lọ sómi á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé pákó rẹ̀ kọ́ sí apá "omi". Tó bá dé, òun náà ni yóò gbé e padà sí apá "ilẹ̀". Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a, bó ti wù kó rẹ ẹni náà tó. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e fún ara wọn, pátákó náà ti di ẹ̀ṣọ́ ara ògiri lásán.

Ẹ kọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ, kí ẹ sì kọ àkókò méjì. Àkọ́kọ́ ni àkókò tí wọ́n ní àwọn ó padà, ká ní agogo méjìlá ọ̀sán. Èkejì ni àkókò tí wíwá wọn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, ká ní agogo kan. Láàárín méjèèjì, ẹni èbúté á máa pè wọ́n lórí rédíò. Tí agogo kan bá lù láìsí èsì, ọkọ̀ kejì á gbéra. Ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé "ẹ jẹ́ ká ṣì ní sùúrù díẹ̀". Inú sùúrù yẹn ni wákàtí ti ń lọ, omi sì ń gbé èèyàn jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ lómi ló ní iṣẹ́ láti pe èbúté kí àkókò rẹ̀ tó pé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1998, ọkọ̀ kan gbé àwọn amòòkùn lọ sí òkun Ọsirélíà, ó sì fi tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan sílẹ̀ sínú omi, ó padà sílé. Ọjọ́ méjì kọjá kí wọ́n tó fura pé wọn ò dé. Wọn ò rí wọn mọ́ títí dòní. Kíka iye orí èèyàn tó wà nínú ọkọ̀ ló yẹ kó ti fi hàn pé wọn ò sí níbẹ̀. Torí náà, ẹ máa ka orí kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, kí ẹ tún un kà kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti mòòkùn. Kí ẹni tó ń kà á pe orúkọ, kó sì gbọ́ ohùn ẹni tó pè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọkọ̀

Ẹ pín epo sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kẹta ẹ ò ní fọwọ́ kàn án àfi tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Tí àlọ bá ń jẹ lítà 10, lítà 30 lẹ ó gbé. Ẹ má fi ojú wọn ohun tí ẹ́ńjìnnì yín ń jẹ. Ẹ gbé e yí omi ká fún wákàtí kan, kí ẹ wọn èyí tó kù.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbọ́dọ̀ máa tú jáde láti ibẹ̀. Omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára nìyẹn. Tí kò bá tú, ẹ pa á kíá, torí ó lè jẹ́ pé ewé tàbí iyẹ̀pẹ̀ ló ti dí ọ̀nà rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò sì ní pẹ́ jóná. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó lè jẹ́ pé tó bá ṣubú sómi, ọkọ̀ á kú, kò ní yí padà wá gé e. Àjẹ̀ méjì, igbá tí ẹ ó fi gbọ́n omi, púlọ́ọ̀gì àti spánà, tọ́ọ̀ṣì, omi mímu, àti ìdákọ̀ró tí okùn rẹ̀ gùn tó ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi: gbogbo èyí gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀.

Láífù jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Èbúté ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń so ó pa. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù ló máa ń fẹ́ jiyàn lórí èyí, òmùwẹ̀ náà sì ni omi ń gbé lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: atẹ́gùn tí amòòkùn ń mí

Sílíńdà lítà 12 tí géèjì rẹ̀ wà ní 200 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn bí atẹ́gùn ṣe há pọ̀ tó nínú rẹ̀) gba atẹ́gùn lítà 2,400. Ẹ yọ 50 bar sọ́tọ̀ fún ewu, ìyẹn lítà 600. Ó ku 1,800. Tí amòòkùn bá ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀, tó bá dé mítà 10 nísàlẹ̀, omi ti tẹ̀ ẹ́ débi pé ìlọ́po méjì ló ń lò, ìyẹn 40. Ìṣẹ́jú 45 ló ní. Ní mítà 20, ìlọ́po mẹ́ta ni, 60. Ìṣẹ́jú 30 péré ló ní. Kí ẹ ṣe ìṣirò yìí lórí ilẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí àkókò tí wọ́n fún amòòkùn sì kéré sí ohun tí ìṣirò náà sọ. Ẹ̀rù lè mú kí èèyàn máa mí ní ìlọ́po méjì.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ tí fọkanáísà ń fi fún táyà fún sílíńdà amòòkùn. Kò ní asẹ́ tó ń yọ òróró àti ìdọ̀tí kúrò nínú atẹ́gùn tí èèyàn ń mí. Ẹ̀rọ ibùdó gan-an, ẹ wò ó bóyá ẹnu ibi tó ti ń fa atẹ́gùn jìnnà sí èéfín, kó sì wà ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀. Gáàsì olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé mọ́jú nínú yàrá, òun náà ni yóò wọ sílíńdà, èèyàn ò sì lè gbóòórùn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nígbà tí èèyàn bá wà nísàlẹ̀

Méjì-méjì ni wọ́n ń mòòkùn. Awakọ̀ kì í sì bá wọn wọ omi láé. Òun á ta àsíá funfun òun búlúù, tí gbogbo awakọ̀ òkun mọ̀ sí àmì pé amòòkùn wà nísàlẹ̀, á sì máa wo ibi tí èémí wọn ti ń mú kí omi hó. Tí ẹnìkan bá súnmọ́ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú pátápátá kó tó di àtẹ̀gùn mú. Pé jíà wà ní òfo kò tó.

Amòòkùn ò gbọdọ̀ há èémí mọ́ra bó ṣe ń gòkè, torí atẹ́gùn tó kún ẹ̀dọ̀fóró ní mítà 10 á fẹ̀ di ìlọ́po méjì kó tó dé òkè, á sì fà á ya. Kó rọra máa bọ̀, kó má yára ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kó sì dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Náítírójìn, gáàsì tó wà nínú atẹ́gùn tó ń mí, ti wọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ń fẹ́ àyè láti jáde díẹ̀díẹ̀. Tó bá yára jù, á hó nínú ẹ̀jẹ̀ àti oríkèé ara.

Tí ẹnìkan bá gòkè tán, tí oríkèé ń dùn ún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri tàbí tí ojú ń pòòyì, ẹ má dúró wò ó bóyá á lọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fún un ní ọ́síjìn gidi láti inú sílíńdà tó wà fún un, kí ẹ pe dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn amòòkùn. Ẹ má ṣe dá a padà sísàlẹ̀ omi. Nọ́ńbà dókítà náà, ti àwọn tó ń fi bàálù gbé aláìsàn, àti iye wákàtí tí ọ́síjìn yín lè gbà, ara pátákó èbúté ni kí wọ́n wà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan gbogbo irinṣẹ́ àti inú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ kọ ohun tó bàjẹ́ sínú ìwé kí ẹ tó jẹun. Ẹ kọ jíjìn tí amòòkùn kọ̀ọ̀kan dé àti ìṣẹ́jú tó lò, torí ti àárọ̀ ló ń sọ ohun tó lè ṣe ní ìrọ̀lẹ́.

Bàálù ló kù. Ẹni tó ti mòòkùn léraléra gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ fún wákàtí 18, ó kéré tán, kó tó wọ bàálù, torí òkè tí bàálù ń lọ lè mú kí náítírójìn tó kù lára hó. Ọjọ́ tí bàálù máa dé ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sórí kàlẹ́ńdà, ṣáájú gbogbo iṣẹ́ abẹ́ omi. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, iṣẹ́ ilẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi sí i: kíka irinṣẹ́, títún ẹ́ńjìnnì ṣe àti kíkọ ìwé.